Ẹsẹ̀ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Aláboyún Sùn Lóru

Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin bàbá má fò ó kọjá o, nítorí orí bẹ́ẹ̀dì kan náà lẹ jọ ń sùn.

Oyún ọmọ wa kejì ni. Ìlú London níbí la wà, oyún sì ti lé díẹ̀ lóṣù mẹ́fà. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, àfi bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú ojúgun mi. Kì í dùn mí ní tòótọ́, awọ ara kọ́ ló ń yún mi, kì í sì í ṣe pajápajá. Ẹsẹ̀ náà ṣáà fẹ́ kí n gbé òun ni. Bí mo bá nà án, ara á tù mí fún ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá gbé e sílẹ̀ báyìí, ó tún dé. Ni mo bá di ẹni tó ń rìn láti yàrá dé kíṣìnnì, láti kíṣìnnì dé yàrá, títí di aago mẹ́ta òru. Bàbá Dámi á ní, "Ìyá Dámi, o tún ti ta mí nípàá o." Àwa méjèèjì la ò sùn.

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe nígbà yẹn, mo sì máa ń ṣe é lóru nígbà míì. Lọ́jọ́ kan, mo ń lọ mú Dámi nílé ìwé, oorun bá gbé mi lọ nínú bọ́ọ̀sì. Ibi tí bọ́ọ̀sì ń parí sí ni dírẹ́bà ti jí mi. Nígbà tí mo fi máa padà dé ilé ìwé, Dámi ọmọ ọdún márùn-ún nìkan ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀, ó ti sunkún títí. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè máa mú mọ́ra.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti sọ fún mi pé, "Oyún ni, fara dà á, tó o bá bímọ á lọ." Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹsẹ̀ tó ń rìn lóru, ojú lásán kọ́, àfi ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ràn Màmá yẹn, àdúrà wọn ò sì lè pa mí lára. Àmọ́ ààwẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára rẹ̀, ìyẹn tún yàtọ̀.

Màmá mi ní Ìbàdàn ló là mí lójú. Mo ròyìn fún wọn lórí fóònù, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Oyún tìẹ gan-an ló ṣe mí bẹ́ẹ̀! Inú ọpọ́n omi tútù ni mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ láàárín òru. Bí mo ṣe bí ẹ báyìí, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó ti lọ." Nígbà tí mo gbọ́ pé ó wà nínú ìdílé wa, ojú ò tì mí mọ́ láti sọ fún agbẹ̀bí. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ síbí, kí ẹlòmíì má baà pẹ́ bíi tèmi.

Ó lórúkọ

Restless legs syndrome ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Thomas Willis, dókítà ọmọ ilẹ̀ England, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1672. Karl-Axel Ekbom, dókítà ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1945, òun ló sì fún un lórúkọ yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn míì fi ń pè é ní Willis-Ekbom disease. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn dókítà ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Kì í ṣe pé ẹ kàn ń rò ó, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Èkíní, á máa wù yín ṣáá láti gbé ẹsẹ̀, ìnira kan sì sábà máa ń bá a rìn: bíi kí nǹkan máa rìn nínú ẹsẹ̀, kó máa fà, kó máa ta, tàbí bíi pé iná ẹ̀lẹ́tíríkì ń gbé e. Èkejì, ìgbà tí ẹ bá jókòó tàbí tí ẹ bá dùbúlẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ tàbí kó le sí i. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá dìde rìn tàbí tí ẹ na ẹsẹ̀, á rọlẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ìrọ̀lẹ́ àti òru ló máa ń le jù. Ó lè mú apá náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló sábà máa ń mú.

Pajápajá yàtọ̀ sí i. Ìyẹn á ká ẹran ẹ̀yìn ojúgun kò lójijì, á le bí òkúta, á sì dùn yín gan-an kó tó tú. Ẹsẹ̀ tó kú nítorí pé ẹ jókòó lé e lórí náà yàtọ̀. Bí agbẹ̀bí bá bi yín, ẹ má kàn sọ pé "ẹsẹ̀ ń dùn mí". Bí mo ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́ nìyẹn, wọ́n sì rò pé ẹrù oyún ló ń wúwo fún mi. Ẹ sọ pé ẹsẹ̀ yín kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi lóru, pé bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ ló ń dé, àti pé rírìn ló ń jẹ́ kó rọlẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n á fi tètè mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tó fi ń mú aláboyún?

Kò ṣọ̀wọ́n rárá. Níbí ní Britain, wọ́n ní nǹkan bí aláboyún kan nínú márùn-ún ló máa ń ní in ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, ẹni tó bá sì ní in nínú oyún kan lè tún rí i nínú òmíràn.

Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine, ó wà lára ohun tó ń darí bí ara wa ṣe ń gbéra. Ọpọlọ sì nílò iron, ìyẹn irin tí à ń rí nínú oúnjẹ, kí dopamine tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí iron bá dín kù, ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Aláboyún ni iron sì tètè ń tán lára rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń pọ̀ sí i, ọmọ inú náà ń gba tirẹ̀, oṣù tó kẹ́yìn ni ọmọ sì ń gbà á jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àìsàn yìí ni iron rẹ̀ kéré o, àmọ́ òun ni ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, torí pé ó ṣeé tún ṣe.

Ẹ béèrè fún ferritin

Ibí yìí gan-an ni mò ń bọ̀.

Wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò níbí nígbà tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28. Haemoglobin ni wọ́n ń wò. Tèmi jẹ́ 112 ní ọ̀sẹ̀ 28. Nítorí pé 105 ni ààlà wọn fún àsìkò yẹn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi pé. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n haemoglobin dà bí owó tó wà lápò tí ẹ fi ń ra nǹkan lójoojúmọ́. Ferritin ló ń sọ iye tó kù ní báńkì. Owó lè wà lápò kí báńkì sì ti gbẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ 31 ni mo tó ṣàlàyé ti ẹsẹ̀ fún agbẹ̀bí dáadáa. Ó ní kí GP mi yẹ ferritin wò. Nígbà tó jáde, 9 ni. Bí ferritin aláboyún bá ti wà nísàlẹ̀ 30, iron ò tó lára rẹ̀ nìyẹn, kódà kí haemoglobin dára. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dà láàmú lóru, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn yìí máa ń fẹ́ kó ju 75 lọ.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá rántí nǹkan míì nínú gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ rántí èyí: bí wọ́n bá ní "ẹ̀jẹ̀ yín pé" tí ẹsẹ̀ ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ yẹ ferritin mi wò?" Ìbéèrè yẹn ò ní gba ìṣẹ́jú kan.

Lílo oògùn iron

Ẹ má lọ ra iron fúnra yín kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ SS tàbí SC. Ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra lè ti ní iron tó pọ̀ jù, èyí tún léwu.

Èyí tí wọ́n kọ fún mi ni ferrous sulphate 200 mg, ẹyọ kan lóòjọ́. Iron tó wà nínú ẹyọ kan jẹ́ 65 mg. Àárọ̀ kí n tó jẹun ni mo máa ń fi omi ọsàn lò ó, torí pé vitamin C ń jẹ́ kí ara gbà á. Tíì, kọfí àti mílíìkì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn fún wákàtí kan, torí wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Ìgbẹ́ á dúdú, ẹ má fòyà. Ó lè máa le kó tó jáde, kí ẹ máa mu omi púpọ̀ kí ẹ sì máa jẹ èso. Bó bá ń rìn yín tàbí tó ń dà yín nínú rú, ẹ má jù ú síbi tí wọn ò ti ní rí i. Ẹ sọ fún wọn, wọ́n lè ní kí ẹ máa lò ó ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan. Lílo méjì-méjì kò lè mú kó yá. Bí èyí tí à ń gbé mì ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n lè fa iron sí ara, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ gbé oògùn yìí jìnnà sí àwọn ọmọdé o. Bí ọmọ kékeré bá gbé e mì, ó lè pa á.

Ní England, ọ̀fẹ́ ni oògùn tí dókítà bá kọ fún aláboyún, ó sì tún jẹ́ ọ̀fẹ́ títí di oṣù 12 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ ní kí agbẹ̀bí bá yín ṣe ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ní tèmi, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ìyàtọ̀. Kò lọ pátápátá, ṣùgbọ́n dípò aago mẹ́ta òru, mo ti ń sùn láago méjìlá.

Oúnjẹ ilé wa

Ẹran màlúù, ẹran àgùntàn, ẹja àti adìyẹ ni ara ti ń gba iron jù. Ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà, àmọ́ ara kì í gba ti inú wọn tó bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹ bá jẹ ohun tó ní vitamin C pọ̀ mọ́ ọn, bí ọsàn tàbí tàtàṣé tí kò jinná jù. Ẹja títọ́ọ̀sì àti sàdíìnì dára, ṣùgbọ́n kó má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀ nígbà oyún.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta kan wà tí àwọn èèyàn wa máa ń gba aláboyún tí mo fẹ́ kí ẹ tún rò. Wọ́n á ní kí ẹ jẹ ẹ̀dọ̀. Lóòótọ́ ni iron pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n vitamin A inú rẹ̀ pọ̀ débi tó fi lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún aláboyún níbí pé kó má jẹ ẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ po mọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ mílíìkì kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀. Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ kò lè rọ́pò iron, mílíìkì inú rẹ̀ sì tún ń dí iron lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹfun jíjẹ, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu. Wọ́n ti rí òjé nínú rẹ̀ níbí, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bó bá ń wù yín láti máa jẹ ẹfun, amọ̀, tàbí láti máa rún yìnyín inú fíríìjì ṣáá, ẹ sọ fún agbẹ̀bí. Ara tí kò ní iron tó sábà máa ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ti ààwẹ̀, ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹ̀sìn fàyè gba aláboyún láti sún ti Ramadan síwájú. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, Ọlọ́run ò sọ pé kí ẹ pa ara yín.

Ohun tó ń mú kó le

Caffeine wà níwájú. Àwọn elétò ìlera níbí ní kí aláboyún má ju 200 mg lọ lóòjọ́. Kọfí ife ńlá kan tó nǹkan bí 100, tíì ife ńlá kan tó 75, kóòkì agolo kan tó 40. Obì náà ní in, bí ẹ bá dé òde ìsọmọlórúkọ. Èmi kì í mu tíì mọ́ lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán. Ọtí àti sìgá kò yẹ aláboyún tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń mú kí ẹsẹ̀ yìí burú sí i.

Àwọn oògùn kan náà ń dá kún un. Diphenhydramine àti promethazine, tí wọ́n ń lò fún ara yíyún tàbí oorun, wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni metoclopramide àti prochlorperazine tí wọ́n ń fún aláboyún tó ń bì, àti àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan. Ẹ má dá wọn dúró fúnra yín o. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú ìwé, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà, kí ẹ sì kọ àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti ń lo oògùn fún ẹsẹ̀ yìí kí ẹ tó lóyún, ẹ tètè rí dókítà, torí púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ti aláboyún.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ lóru

Mo ń rìn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀sán, tí kò sí nítòsí ìgbà tí mo fẹ́ sùn. Kí n tó sùn, mo máa ń dúró kọjú sí ògiri, ma fi ọwọ́ tì í, ma na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, ma ka ọgbọ̀n, ma pààrọ̀ ẹsẹ̀. Bàbá Dámi á fi òrí fún mi lẹ́sẹ̀, á rọra fọwọ́ ra á láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn kan ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, àwọn kan ń fẹ́ omi tútù bíi ti Màmá mi. Ẹ dán méjèèjì wò, kí ẹ mú èyí tó bá yín lára mu.

Bó bá mú mi níbi tí mo ti jókòó, mo máa ń wá nǹkan tí ọkàn mi á rọ̀ mọ́. Kíkó irun Dámi ló ṣiṣẹ́ jù fún mi. Nínú bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ òfuurufú, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí ẹ mú kí ẹ lè dìde. Láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi sùn, ọ̀tún tàbí òsì, ẹ má fẹ̀yìn sùn.

Iṣẹ́ alẹ́

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ní Britain, bí ẹ bá ti fi ìwé sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ lóyún, ó gbọ́dọ̀ wo ewu tó wà nínú iṣẹ́ yín. Bí dókítà tàbí agbẹ̀bí bá kọ ìwé pé iṣẹ́ alẹ́ ń pa yín lára, ó yẹ kí wọ́n fún yín ní iṣẹ́ ọ̀sán, bí kò bá sì sí, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ sinmi pẹ̀lú owó. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ tún lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ rí agbẹ̀bí láìyọ owó rẹ̀. Èmi ò mọ èyí nígbà yẹn. Bí oorun bá ń kùn yín, ẹ má wa mọ́tò.

Ìgbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lásán

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dùn, tó sì gbóná, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Wọ́n á ní kí ẹ wò ó bóyá ó pupa, àmọ́ lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípupa yẹn lè má hàn. Wíwú àti gbígbóná ni kí ẹ wò. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ pe ilé ìwòsàn. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ò já gaara, 999 ni kí ẹ pè, tàbí 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Orí tó ń fọ́ burúkú, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, tàbí ìrora lábẹ́ egungun ìhà, wọ́n lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru ti oyún. Ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìbímọ

Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ẹsẹ̀ á ti sinmi. Tèmi lọ ní ọjọ́ kẹwàá, ọmọ tuntun nìkan ló kù tí kì í jẹ́ kí n sùn. Àmọ́ ìbímọ ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹ má tètè dá iron dúró kí wọ́n tó ní kí ẹ dá a dúró. Bí ẹsẹ̀ náà bá ṣì ń dà yín láàmú lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà lọ rí dókítà.

Dámi ti dàgbà báyìí, ó ṣì máa ń rántí ọjọ́ tí Mọ́mì ò tètè dé. Mo ti sọ fún un pé bó bá di ìyá lọ́jọ́ iwájú tí ẹsẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó má dákẹ́: ti ìyá rẹ̀ ni, ti ìyá ìyá rẹ̀ sì ni. Ẹ̀yin náà, ẹ bi ìyá yín léèrè, kí ẹ sì sọ fún ọmọbìnrin yín.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó sọ̀ láyọ̀ o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àṣẹ.